Orúkọ Tí A Fi Pe Olúgbádé

                                                                                SW7/118, Òkè-Àdó,
                                                                                Ìbàdàn.
                                                                                Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kejì, 1964.

Oyèbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n láti ìgbà èwe,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìwé rẹ ti dé ọwọ́ mi láti Kàdúná, ẹ̀bi àìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Báwo ni ara? Ṣé orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Láwùmí, aya rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fara da ọyẹ́ ìhà Òkè-Ọya? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà.

Ní tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá Olúkẹ́mi kí ọ. Ó ní ata gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tíì tán. Olúkẹ́mi fúnra rẹ̀ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ti ń bá mi wí nípa iyọ̀ inú ọbẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Ọyẹ́ ọdún yìí kò fẹ́ lọ. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, n kì í rí ilé tó wà lódìkejì títì. Àná ni a bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ Lẹ́ńtì, n kò sì ní lè gbààwẹ̀ náà pẹ̀lú ọkàn mímọ́ bí n kò bá kọ ìwé yìí sí ọ.

Ó yẹ kí n tètè sọ pé Olúgbádé wà láàyè, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù tó kọjá ni apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn dé ibi tí agbára wọn mọ, wọ́n sì ní kí á máa gbé e lọ sílé. Ó ti wà nílé rẹ̀ ní Challenge báyìí. Bí ó bá jẹ́ àìsàn náà nìkan ni, wáyà ni ǹ bá tẹ̀ sí ọ. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ rẹ̀, Oyèbọ́lá, èmi ni mo sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

O ti lọ sí Òkè-Ọya kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ ìdìwé ni Olúgbádé ń ṣe ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀, àti pé kò sí ìwé orin kan nínú ìjọ wa tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tún ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan kó àwọn ìwé pélébé kan tó ti òkè òkun wá fún un pé kó bá òun dì wọ́n pọ̀. O mọ ìṣe rẹ̀: kì í di ìwé tí kò bá kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni ó ti bá ẹ̀kọ́ náà pàdé, pé kí Ọlọ́run tó dá ayé ni Ó ti yan àwọn tí yóò rí ìgbàlà, àti pé ẹni tí Ó bá ti yàn kò lè ṣègbé mọ́ láéláé. Ó gbé e wá sí kíláàsì wa.

Èmi ni mo ṣì ń darí kíláàsì náà ní ọjọ́ Ìsinmi, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣà tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa kò yí padà: olórí kíláàsì yóò pe orúkọ láti inú ìwé, ẹni tí a pè yóò dìde, yóò sì fi ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan dáhùn dípò kí ó wí pé òun wà níbẹ̀.

Ìjiyàn èmi àti Olúgbádé dùn ní ìgbà náà, n kò ní purọ́. Mo bi í pé bí Ọlọ́run bá ti parí yíyàn Rẹ̀, kí ni a tún ń gbàdúrà fún? Ó wò mí lókè ìgò ojú rẹ̀, ó ní, “Josaya, ṣé ìwọ lo yan ìyá rẹ ni?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní n kò yàn án, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sá kúrò nílé ìyá mi, ẹsẹ̀ méjì ń bẹ lára mi. Ó ní, “Sá lọ nígbà náà, ká wo ẹni tí yóò máa wá ọ kiri títí di àṣálẹ́.” Báyìí ni a ó ṣe máa bá a bọ̀ lọ́nà títí a ó fi dé oríta, tí a ó sì dúró níbẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi tutù nílé àwa méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, mo sì ń ka iye wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlara ni. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ. Ní ọjọ́ kan tí ó ti fẹ́ borí mi, mo rántí ìtàn ìjọ tí àwọn òyìnbó kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo na ìka sí i níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní, “Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun, ó ní orúkọ. Kálífíìnì ni ọkùnrin yìí.” Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú yàrá náà àfi àwa méjì, ṣùgbọ́n ó dún létí wọn bí orúkọ àrùn. Àwọn tó jókòó tì í sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Òun ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dára. Bí èmi bá jẹ́ Kálífíìnì, Ámíníọ̀sì ni ìwọ náà nìyẹn.” Bí àwa àgbàlagbà méjì ṣe gbé orúkọ àwọn òyìnbó méjì tó ti kú láti ayébáyé, èyí tó fi ẹ̀kọ́ yíyàn náà kọ́ni àti èyí tó takò ó, tí a sì fi lé ara wa lórí nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, n kò dá a lóhùn ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Kò sí ìdí fún un. Bí ó bá ti la ẹnu, ẹnì kan á ní, “Kálífíìnì tún ti dé,” ẹ̀rín á sì gba yàrá. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé Challenge ń fi júwe ilé: “Yà sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn ilé Kálífíìnì.” Ràṣídátù, ìyá mùsùlùmí tó ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, dá mi dúró lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tíṣà, oyè wo lẹ fi ọkọ Ìyá Adéṣọlá jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tí wọn ò pín jíjẹ mímu kàn wá?” Mo ní kì í ṣe oyè. Ó pòṣé. Ó ní, “Àwa náà ní irú ẹ̀ nínú tiwa o. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ pé oníbáyìí-báyìí ni nínú ẹ̀sìn, kò sẹ́ni tó tún bi í pé ará ilé ẹ ńkọ́.” Mo ra abọ́ kan tí n kò nílò, mo sì lọ.

Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, àwọn méje náà fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ Olúgbádé. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní ẹni tó bá ń pàdé níbòmíràn kò ní bá wa jẹ Oúnjẹ Olúwa títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Nígbà tí mo sì fẹ́ da orúkọ kọ sínú ìwé kíláàsì tuntun, n kò kọ orúkọ àwọn méje náà. Mo fa ìlà kan nísàlẹ̀, mo sì fi íǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Kálífíìnì, méje.”

Báyìí, Oyèbọ́lá, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́ fún ọ. O mọ̀ mí. N kì í ṣe ẹni tí ń lá àlá kiri.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú Oṣù Kọkànlá, mo ń pe orúkọ bí ìṣe mi. Oòrùn mú, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, ojú mi bọ́ sórí ìlà pupa náà, ẹnu mi sì kà á kí n tó mọ̀: “Kálífíìnì.”

Ohùn kan dáhùn.

Láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni ó ti wá, níbi tí àwọn méje náà máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ó ka ẹsẹ kan láti inú ìwé wòlíì Aísáyà, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún àwọn ènìyàn Rẹ̀ pé orúkọ wọn ni Òun fi pè wọ́n. Ó kà á délẹ̀, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́ pé kí ó kan òun. Kì í ṣe ohùn Olúgbádé, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù. Ohùn tó gbẹ ni, tí ó ń pe èdè wa bí ẹni tó dàgbà tán kó tó kọ́ ọ. Gbogbo wa yíjú. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì náà. Eruku ọyẹ́ tó bò ó kò ní ojú ìka kan.

Ìyá àgbà kan ní asọ̀rọ̀mágbèsì ilé kejì ni. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé a fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi ọwọ́ bo ìlà pupa náà mọ́lẹ̀. Mo pe orúkọ tó kẹ́yìn, ẹni náà dáhùn, ó jókòó. Ó yẹ kí n gba àdúrà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó di ojú. Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wo ìwé. Nígbà tí mo pa á dé, a gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ti dún, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń dún bí ẹni tó ti dìde dúró bá rọra padà jókòó. Mo ṣi ọwọ́ lára ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, n kò sì pe orúkọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ibẹ̀ ni a wà tí àìsàn fi kọlu Olúgbádé. Alùfáà wa, Adégbénró, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù, wá bá mi nílé. Ó ní, “Bàbá, ìgbìmọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti bá wọn parí rẹ̀, mo ṣe tán láti gbé Oúnjẹ Olúwa lọ bá wọn lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé wọ́n fẹ́ ẹ. N kò lè fi sẹ́nu ẹni tí kò dá mi lóhùn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìdáríjì nìkan ló kù.

Mo dé Challenge ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Fadékẹ́mi, Ìyá Adéṣọlá, gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi lómi, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Olúgbádé wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Mo kúnlẹ̀, mo pè é. “Olúgbádé.” Kò mira. Mo pe oríkì rẹ̀, Àkànmú, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń pè é. Ó dà bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni mo ti ń pè. Mo bi ìyàwó rẹ̀ bóyá àìsàn náà ti mú etí rẹ̀ lọ.

Ó ní, “Rárá, Bàbá Olúkẹ́mi. Ẹ pè é bí ẹ ti máa ń pè é.”

Mo ní, “Báwo?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ fún un. Òun nìkan ló ń jẹ́. Èmi tí mo bímọ márùn-ún fún un, òun ni mo fi ń pè é jẹun.”

Ó yí ojú sí ògiri kí n má baà rí omijé rẹ̀. Mo pè é bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run dárí jì mí, mo pè é jẹ́ẹ́. Orí ọ̀rẹ́ wa yí sọ́dọ̀ mi lójú ẹsẹ̀. Ó wò mí bí ènìyàn rere ti í wo àlejò tí kò mọ̀ rí, ó la ẹnu, ó sì ka ẹsẹ Aísáyà náà délẹ̀. Ohùn ọjọ́ náà ni, Oyèbọ́lá. Ohùn tó gbẹ yẹn ló ti ẹnu Olúgbádé jáde.

Mo tọrọ ìdáríjì. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ọ yìí fún un. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, ó sì tún yí ojú sí àjà. Kì í ṣe ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alùfáà Adégbénró náà ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pe Olúgbádé, Olúgbádé kò dáhùn. Ìyá Adéṣọlá ní kó lo orúkọ kejì. Alùfáà mi orí. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. N kò lè fi orúkọ ìjà pe ènìyàn wá síbi tábìlì Olúwa.” Ó káwé tó bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà. Àwọn ọmọ Olúgbádé ń pe “Bàbá”, kò gbọ́. Àwọn mẹ́fà tó tẹ̀ lé e wá, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn náà kò rí orúkọ mìíràn pè é. Wọ́n ti fi ti ìjà náà ṣògo pẹ́ jù. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń rù sí i.

Mo ti fa ìlà dúdú lórí ìlà pupa inú ìwé náà. Mo kọ orúkọ àwọn méje ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá àti ọmọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo pè wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì dáhùn pẹ̀lú ohùn tiwọn, omijé sì bọ́ lójú mi. Mo pe Olúgbádé. Kò sí ohùn kankan, bẹ́ǹṣì kò sì dún. Ó yẹ kí n yọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kúrò níbẹ̀, n kò mọ ibi tó gbà lọ.

Nítorí ní ọjọ́ Ajé, ní agogo méjìlá ọ̀sán, mo ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Mo fẹ́ kọjá sí Ring Road. Ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìn: “Ámíníọ̀sì!” Ẹnu mi sì jẹ́ “Oò!” kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo yíjú. Títì nìkan ni, àti eruku, àti ewúrẹ́ kan tó dá dúró. O rántí bí àwọn ìyá wa ti ń kìlọ̀ fún wa pé kí ọmọ má ṣe jẹ́ ìpè tí kò rí olúpè rẹ̀, pàápàá jù lọ ní ọ̀sán gangan. Ogójì ọdún ni mo fi ń kọ́ ọmọ Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ kèfèrí ni. Nígbà tí mo délé, Ìyá Olúkẹ́mi ní òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá jẹun, òun sì rò pé mo ń bínú ni. N kò gbọ́ ìpè kankan.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Nínú gbogbo àwọn tó mọ Olúgbádé láti kékeré, ìwọ nìkan ni ẹnu rẹ̀ kò tíì pe ọ̀rọ̀ náà rí. Jọ̀wọ́, má pè é. Bí ìwọ àti Láwùmí bá jọ ń ka ìwé yìí, ẹ fò ó. Wọ ọkọ̀ ojú irin kí o sì dé Dùgbẹ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ tó pé, nítorí ọjọ́ náà ni Alùfáà yóò tún gbé búrẹ́dì àti wáìnì lọ, dókítà kò sì fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé a ó rí ẹ̀ẹ̀kejì. Bí o bá dé, má ṣe dúró kí mi. Wọlé tọ̀ ọ́, kí o pè é bí o ti ń pè é láti òdìkejì odò nígbà tí a wà níléèwé, pẹ̀lú ariwo yẹn tí tíṣà fi máa ń nà ọ́.

N kò tíì yí ẹ̀kọ́ mi padà o. Mo ṣì gbà pé ẹni tó dúró lè ṣubú, bí mo ti rí i lára ara mi yìí. Bí ó bá dìde, mo fẹ́ bá a jiyàn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó sì fi ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n Olúgbádé ni mo fẹ́ bá jiyàn.

Bá mi kí Láwùmí, kí o kí àwọn ọmọ ní orúkọ-orúkọ, àti gbogbo àwọn ará tí ẹ jọ ń sìn ní Kàdúná, irú ìjọ yòówù kí wọ́n jẹ́. Ìyá Olúkẹ́mi ní bí o bá ń bọ̀, òun ti ní ẹ̀wà tí o fẹ́ràn nílé. Kí Ọlọ́run tó ń pa àlọ àti àbọ̀ mọ́ mú ọ dé láyọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí o bá ti ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, jọ̀wọ́, ka orúkọ mi sókè, kí àwọn ará ilé rẹ bá ọ kà á.

                                                                                Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ títí láé,
                                                                                Josaya Bándélé Akínbíyì.